Ojú Ìwé Kan Tí Mo Fò Nínú Ìwé Ẹ̀rọ Baálé Wa

Èmi ni mo ba ojú orogún mi jẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka abala ìmọ̀ràn yìí nínú ìwé ìròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, n kò wá àwáwí.

Kàdúná ni à ń gbé. Wẹ́dà ni baálé wa, ọ̀nà Màǹdó ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Èmi ni ìyálé, mo ti lé lógójì ọdún, mo kàwé dé sẹ́kọ́ńdírì, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀... ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló mọ̀ pé ohun tí mo bá kà, bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́ ni mo máa ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí baálé wa fi gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ ìjórin tuntun, irú èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lára, tó ṣeé gbé sínú mọ́tò lọ síbi tí iṣẹ́ bá wà. Iná gáàsì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rọ náà, baálé wa kò sì lè ka òyìnbó.

Ọ̀sán mẹ́ta ni mo fi kà á fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní ìta gbangba, kí èéfín ẹ́ńjìnnì má baà pa wọ́n nínú ilé. Kí wọ́n má ṣe bu pẹtiróòlù sí i nígbà tó bá ṣì gbóná. Kí wọ́n yẹ wáyà wò bóyá ara rẹ̀ ti bó. Kí ẹni tó ń jó irin fi ìbojú aláwo dúdú tó bá ẹ̀rọ náà wá bo ojú. Kí wọ́n dúró lórí pákó gbígbẹ, kí wọ́n ha ọ̀dà àti ìpẹtà kúrò lára irin, kí wọ́n sì gán wáyà kejì mọ́ irin tí wọ́n ń jó gan-an, kì í ṣe mọ́ ohun tó bá wà nítòsí. Kí wọ́n má fọwọ́ kan dùrọ́ọ̀mù tó ti gbé pẹtiróòlù rí. Wọ́n ń ṣe é bí mo ṣe ń kà á, wọ́n ní àṣé tíṣà làwọn fẹ́ sílé.

Lọ́jọ́ kẹta, orogún mi wà níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ti ń dín kòsé, àkàrà àwọn Haúsá, tà, láti ìgbà iná gáàsì ló sì ti ń jókòó kọjú sí iṣẹ́, nǹkan kan kò ṣe é. Ojú rẹ̀ dára. Baálé wa ló ń ra tìróò fún un. Lọ́jọ́ náà, wọ́n dá mi dúró lẹ́nu ìwé kíkà, wọ́n ní kí oníbàárà kan wo ojú ìyàwó àwọn, pé ojú yẹn nìkan tó àwọn jẹ lóúnjẹ ọ̀sán. Oníbàárà náà ní, ti ìyálé ńkọ́? Baálé wa ní, ti ìyálé, ìwé ló wà fún. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣí ojú ìwé tó kàn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti gáàsì, pé ẹni tó bá ń wò ó láìbo ojú, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́, yóò ṣe ojú rẹ̀ léṣe, kò sì ní mọ̀ lójú ẹsẹ̀, àfi lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nítorí náà kí wọ́n ta nǹkan yí ibi iṣẹ́ ká. Mo kà á sínú tán. Mo ṣí i kọjá.

Ṣé mo fẹ́ kó fọ́jú ni? Rárá. Mo fẹ́ kó ta á díẹ̀... kí ó má lè lé tìróò fún ọjọ́ mélòó kan... àbí kí ni mo fẹ́ gan-an? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo fi sítáàṣì tí mo fi ń ṣe fìlà baálé wa lẹ ojú ìwé náà mọ́ èkejì rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ẹni da iyanrìn sí i. A ní ata ni. A ní èéfín epo ni, ó pààrọ̀ epo. Ọjọ́ Jímọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù bá wà ní títì, ara á tù ú, tó bá di ọjọ́ kejì, ó tún ti dé. Èmi ni mo mú un lọ sí ọsibítù, èmi sì ni ògbufọ̀, nítorí kò gbọ́ òyìnbó. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ìmọ́lẹ̀ líle kan ń wọ̀ ọ́ lójú. N kò túmọ̀ ìbéèrè náà fún un. Mo fúnra mi dáhùn pé rárá, kòsé ló ń dín. Wọ́n fún wa ní oògùn tí a ó máa kán sí i.

Láti ọsibítù, mo lọ ra tápólì méjì, mo ní kí baálé wa ta á yí ibi iṣẹ́ ká nítorí eruku ọyẹ́. Wọ́n ta á. Ìrora náà ti dín kù, ṣùgbọ́n kò ríran jìnnà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì lè jókòó sínú oòrùn tajà. Ẹ̀gbọ́n baálé wa ní àìsàn ìdílé orogún mi ni, pé àwọn òbí rẹ̀ fi pamọ́ kí wọ́n tó fi í fún wa. Baálé wa ti gbà bẹ́ẹ̀. Bí oṣù tó ń bọ̀ bá parí, wọn yóò dá a padà fún bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́... ó ń ka àwọn ìyá ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí ojú ti dùn rí nínú wọn.

Ó bẹ̀ mí pé, ìyálé mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín. Mo bẹ̀ wọ́n. Baálé wa ní kí n mú ìdí kan wá, ẹyọ kan péré. Ìdí náà wà nínú àpótí mi. Mo ti fi ooru omi gbígbóná ya ojú ìwé méjèèjì náà, wọn kò fàya, ṣùgbọ́n àmì sítáàṣì hàn.

Ṣé kí n kà á fún wọn bí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí? Yóò dúró sílé, wọn ó sì mọ ohun tí wọ́n máa sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n yóò kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n... ṣé mo lè jókòó gba ọpẹ́ yẹn? Bí baálé wa bá sì rí àmì náà ńkọ́? Àbí kí n sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti ọsibítù, kí ó jẹ́ èmi ni wọn yóò dá padà sílé bàbá mi lọ́jọ́ orí yìí? Èwo ni kí n ṣe? Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á.

Ẹ tètè dá mi lóhùn. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mò ń kán oògùn náà sí i lójú. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn kán an fún òun. Ó ní ọwọ́ tèmi kì í gbọ̀n.