Pikọ́ọ̀pù Bàbá Rẹ Ti Dákẹ́

Janelle ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí gbogbo ará Denver tí ẹ jọ ń gbé ilé alájà mẹ́wàá láìmọ orúkọ ara yín. Bí o bá ń mí tí o sì ń jẹun, ọpẹ́ ni. Olúwa kò ní jẹ́ kí yìnyín yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Àwa náà wà. Bàbá rẹ wà, akọ màlúù burúkú yẹn náà wà, àwọn méjèèjì kò sì tíì gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹrù tí o fi ránṣẹ́ dé. Ọkùnrin tó gbé e wá sọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ya fọ́tò ilẹ̀kùn wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo gbà pé ìwọ lo ní kó wò ó bóyá mo ṣì ń gbálẹ̀. Nígbà mìíràn, jọ̀ọ́, kó kanlẹ̀kùn kó tó ya á, torí bàtà bàbá rẹ tó kún fún ẹlẹ́bọ́tọ wà nínú fọ́tò yẹn.

Mo ka ìwé inú páálí náà tán. Wọ́n ní bí a bá lẹ àwọn rọ́bà aláwọ̀ fàdákà yìí mọ́ inú pikọ́ọ̀pù, wọn á máa fa ariwo mu. Mo wá bi bàbá rẹ pé bí wọ́n bá mu ún yó ńkọ́, ṣé a ó máa fún wọn bí àkísà ni, àbí a ó máa pààrọ̀ wọn bí ọ́ìlì? Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ràn. Ta ló ń gbọ́ràn?

Àbí o ti gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀? Orí òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká àgbàdo nìkan ni fóònù ti ń mú níbí, inú pikọ́ọ̀pù la sì ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, tí a ó tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ nítorí òtútù. Ohunkóhun tí o bá sọ, Lumir ọkọ mi á ní òun kò gbọ́, pikọ́ọ̀pù ló ń pariwo. Pikọ́ọ̀pù yìí náà ló ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí kò wọ̀ rí.

Bàbá rẹ àti Orville aládùúgbò wa ló ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n tú àga, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n bá búrẹ́dì dídùn kolache kan tí o jẹ kù nígbà tí o wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òtútù kò jẹ́ kí rọ́bà náà lẹ̀, ni wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun. Wọ́n tún gbé igi tí mo fi ń yí ìyẹ̀fun, wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀, mọ́ inú ilẹ̀kùn, mọ́ òrùlé. Mo fi irun tútù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kolache ọ̀sẹ̀ yẹn sì ń rùn bí ọ̀dà títì. Orville jẹ ẹ́, ó ní ó dùn. Wọ́n fi èyí tó ṣẹ́ kù lẹ òrùlé ilé adìyẹ, àkùkọ kò sì kọ mọ́ láti ìgbà náà, mo rò pé rọ́bà náà ti fa ohùn rẹ̀ mu.

Ká má purọ́, pikọ́ọ̀pù dákẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ a gbé e lọ sí ìlú. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, igbe ni mo ń ké bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, àfi ọjọ́ yẹn tí mo rọra ní, Lumir, o káre, iṣẹ́ yìí dáa. Kò dáhùn. Ẹni tó fẹ́ràn ìyìn ju oúnjẹ lọ!

A dé ibi tí ọ̀nà wa ti gba orí irin rélùwéè kọjá, níbi tí kò sí igi ìdènà. Ó ṣe bí gbogbo wa ti ń ṣe, ó dúró, ó pa rédíò, ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó fetí sílẹ̀. Kùrukùru bo ibi gbogbo. Mo ń gbọ́ fèrè rélùwéè ketekete. Bàbá rẹ ní kò sí nǹkan tó ń bọ̀, ó sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Mo kígbe, mo rọ̀ mọ́ ọn lápá, ó tún tẹ̀ ẹ́. Rélùwéè náà gbá kọjá níwájú imú wa, ẹrù èédú rẹ̀ kò sì tán bọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, bàbá rẹ bi mí bóyá a lè tú àwọn rọ́bà náà kúrò, kí pikọ́ọ̀pù tún máa pariwo.

Ẹ̀rù bà mí, Janelle. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Ìgbà náà ni mo rántí ọjọ́ tí o sọ fún wa pé ìwọ àti Trent ti kọ ara yín sílẹ̀. Mo fi ẹ̀rín sójú kí ẹkún má bàa gba ohùn mi, bàbá rẹ sì bú sẹ́rìn-ín. Inú bí ọ, o sì jàre. Mo bi í lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yẹn, mo pariwo ọ̀rọ̀ sí i létí, pé kí ló rò pé o sọ lọ́jọ́ náà. Ó ní òun rò pé ọ̀rọ̀ ajá rẹ lò ń sọ. Ojú mi ló ń wò kó tó rẹ́rìn-ín, ọmọ mi, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo sọ òótọ́ fún un, kò lè jẹun alẹ́.

Nítorí náà, bá wa wá owó díẹ̀ fún dókítà etí tó wà ní Lincoln. Má sọ pé ti etí ni o. Kọ ọ́ sára ìwé owó náà pé ti pikọ́ọ̀pù ni, pé nǹkan kan ló kù tí wọn kò tíì tún ṣe níbi ìjókòó awakọ̀. Nítorí pikọ́ọ̀pù yẹn, bàbá rẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Lincoln.

Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ọ̀nà rẹ á là, oúnjẹ kò ní wọ́n ọ. Pè wá lọ́jọ́ Ìsinmi, kí o sọ bó ṣe rí lára rẹ gan-an. N kò ní fi ẹ̀rín bojú mọ́, kí bàbá rẹ lè rí i lójú mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wilma