Ẹlẹ́ṣin Tó Ń Bojú Wẹ̀yìn

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àbójútó, ẹ kú ìṣọ́ ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkè òkun níhìn-ín. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Dàpọ̀, mo kí àwọn ìyàwó ilé àtàwọn ọmọ wọn. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka lẹ́tà yìí. Gbogbo Ìjẹmọ̀ ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé onílẹ̀kùn-kan ni wá, gbogbo Ìjẹmọ̀ náà ni kó gbọ́ ọ.

Ara mi le. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa rárá, inú egungun ló ń wọ̀. Àdáwà rẹ̀ tún burú ju òtútù lọ.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní níbi iṣẹ́ ni Sàmírà. Ogun ló lé e kúrò nílùú wọn. Bàbá rẹ̀ ní àwọn ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n jogún láti ìran dé ìran, àwọn sójà sì kó wọn lọ lọ́jọ́ tí ìlú fọ́. Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé wọ́n ya ìwé náà léwé-léwé, wọ́n tà á káàkiri ayé. Nítorí náà, bí a bá ti ráyè, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ló ń lọ, bóyá á rí ọ̀kan nínú wọn. Èmi máa ń tẹ̀ lé e nítorí pé ibẹ̀ móoru, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ìdí ẹṣin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdí ẹṣin tí wọ́n gbẹ́ sára ilẹ̀kùn ni, kò lórí, kò lọ́rùn. Obìnrin kan tó pọnmọ di ìrù rẹ̀ mú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀kùn Ẹ̀gbá ni, pé ojú ogun ni wọ́n ti kó o, pé wọn ò mọ ibi tí èkejì rẹ̀ wà. Wọn ò mọ̀? Èmi mọ̀! Èkejì rẹ̀ ni mo máa ń fẹ̀yìn tì jẹ̀kọ ní kékeré. Orí ẹṣin wà lọ́dọ̀ wa, ẹlẹ́ṣin wà lọ́dọ̀ wa, ó ń bojú wẹ̀yìn wo pánù tí wọ́n kàn dí ojú ọ̀nà láti ìgbà tí ogun ayé baba bàbá mi ti gbé ìdajì ilẹ̀kùn lọ. Bàbá wa, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé ọ̀tá ló ń wò. Ẹ̀yin ní rárá, pé ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ẹni tẹ́rù ń bà, pé èèyàn rẹ̀ ló ń dúró dè. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo òyìnbó.

Ìyáàfin tó ń bójú tó ibẹ̀ ní kí n wá àwòrán wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yọ Ẹ̀gbọ́n Dàpọ̀ lẹ́nu pé kó ya ilẹ̀kùn wa. Mi ò sọ fún yín, kí ọkàn yín má baà gbé sókè lásán. Nígbà tí wọ́n to àwòrán tiwa mọ́ tiwọn, ikùn ẹṣin bára mu rẹ́gí. Síbẹ̀, ìpàdé lórí ìpàdé. Àwọn kan ní kó kúkú wà lọ́dọ̀ àwọn, pé a lè má rí i tọ́jú. Mo ní kí wọ́n wo èyí tó wà lọ́dọ̀ ìyá mi bóyá ikán ti jẹ ẹ́.

Lánàá ni wọ́n pè mí: wọ́n ti gbà. Ilẹ̀kùn wa ń bọ̀ nílé! Mo jó láàárín ẹ̀rọ ìfọṣọ. Sàmírà bá mi jó, òun tí kò tíì rí ewé kan ṣoṣo nínú ìwé bàbá rẹ̀. Ó ní bí tiwa bá rílé, tòun náà á rílé. Bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba. Ẹ bá mi ṣàdúrà fún un.

Ìyá mi, ẹ ṣẹ́gun! Oníṣòwò ohun àtijọ́ tó wá wo tiwa nílé nígbà kan ní igi ìdáná lásán ni ìdajì ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi fi owó tí mo fi ránṣẹ́ ra géètì onírin, ẹ ní kò ní wọ ojúlé yẹn lójú ayé yín. Kó gbé géètì rẹ̀ lọ sóko adìẹ rẹ̀ ní Kọ́bapẹ́ wàyí, ó kúkú ní olè ń jà níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí tẹbí tará. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ọwọ́ ara yín lẹ ó fi ti ilẹ̀kùn méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà wá yọ pánù yẹn kúrò. Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ sọ fún ẹlẹ́ṣin náà pé ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀, tòun tọmọ lẹ́yìn.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ fi ṣe yangàn,
Àbẹ̀kẹ́