Ohùn Ọkọ Mi Tó Bá Kọ̀ǹpútà Lọ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Opó ni mí, n'Íjẹ̀bú-Òde níbí.

Kí ọkọ mi tó kú, mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń kì mí láràárọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ilé ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, èmi ọlọ́gbọ́n, àmọ́ inú kọ̀ǹpútà kan náà ni mo kó gbogbo wọn sí! Ó bàjẹ́ lóṣù tó kọjá, gbogbo ẹ̀ sì bá a lọ. Ilé wá dá páropáro.

Ọmọbìnrin wa tó wà l'Áyépé nìkan ló tún ní in lórí fóònù rẹ̀. Látìgbà tá a ti jà lọ́jọ́ ìsìnkú, a ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, bí mo bá pè é, ṣé kò ní í rò pé ohùn bàbá òun nìkan ni mo ń wá? Ohùn tirẹ̀ náà, mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀.