Fọ́ọ̀mù Tí Mo Kọ Nítorí Oúnjẹ Dákẹ́

Ìyá Kékeré, ọmọ mi,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí o ní ò ń gùn lójoojúmọ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ níbẹ̀. Kí ọ̀gá rẹ má bínú sí ọ láìnídìí. Kí oorun máa dùn mọ́ ọ, kí oúnjẹ máa wọ̀ ọ́ lára. Èmi náà wà, a dúpẹ́. Ó rẹ̀ mí bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àárẹ̀ àìsàn, má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pe èmi àti gbogbo àdúgbò. Àárẹ̀ lásán ni, irú èyí tó máa ń bá mi jí láàárọ̀, tó sì máa ń bá mi jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

O lè máa bèèrè pé kí ló dé tí n kò fi fóònù sọ ọ́. Fóònù tí o rà fún mi wà nínú àpótí aṣọ, mo pa á, mo sì fi aṣọ ìnujú wé e dáadáa kí owó ìpè inú rẹ̀ má baà jò tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lórí fóònù o kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí, ìwọ á ní kí n wá sí ìdí rẹ̀. Nínú ìwé, kò sẹ́ni tó lè já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ilé wà bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ń wọ́lẹ̀, ó ń ha sìmẹ́ńtì bí mo bá ṣí i, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé èmi nìkan ni mo ń gba ibẹ̀ jáde. Àgbàdo ti yọ ọmọ, ọ̀kẹ́rẹ́ ń bá mi pín in, mo ti fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú. Àga ìyá rẹ ṣì wà ní ilé ìdáná níbi tó fi í sí. N kò gbé e kúrò. Ajá ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ajá yẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. O rántí pé ìyá rẹ ló sọ ọ́ ní Dákẹ́, ó ní kí pípè é àti bíbá a wí lè di iṣẹ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, oṣù kẹsàn-án rèé, ajá náà wá dákẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó ń ka mítà iná wọlé, ajá náà kàn wò ó, ó gbé orí rẹ̀ kalẹ̀ padà. Bí mo bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, á gbóòórùn rẹ̀, á wò mí lójú, á padà sábẹ́ àga. Egungun ìhà rẹ̀ ti di ohun tí èèyàn lè dúró lọ́ọ̀ọ́kán kà. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Nínú gbogbo ohun tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ nínú ilé yìí, òun nìkan ló ṣì ń mí. Bó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, n kò mọ ẹni tí n óò máa bá gbé.

Ìwọ lo ní kí n lọ ra oúnjẹ ajá gidi. O ní ajẹkù ìrẹsì tí mo ń fún un kò lè gbé ajá tó ti darúgbó ró. O ní kí n má ra èyí tó wọ́n jù, kí n má sì tìtorí owó ra gbàrọgùdù. O ní kí n yẹ ẹ̀yìn àpò wò, pé ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bó bá jẹ́ ẹran tàbí ẹja kí n rà á, bó bá jẹ́ èèpo ọkà kí n fi sílẹ̀. O ní kí n wo déètì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, mo sì já ewé kàlẹ́ńdà náà mú lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta oúnjẹ adìyẹ.

Àpò mẹ́ta ló ní. Mo wo gbogbo wọn, ajá ni wọ́n yà sí iwájú wọn, ara mi sì bù máṣọ. Àpò ìrẹsì, ìrẹsì ni wọ́n ń yà sí i. Ẹja inú agolo, ẹja ni wọ́n ń yà sí i. Mo sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ajá ni mo fẹ́ bọ́, n kò fẹ́ fi ajá bọ́ ajá. Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó ní mílíìkì ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ya ọmọ sí lára, ṣé ọmọ ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀? Mo ní òótọ́ ni, ó ti yé mi, ṣùgbọ́n n kò lè wo agolo mílíìkì bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Orí déètì ni ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́. Àpò tí ẹran ṣíwájú lẹ́yìn rẹ̀, déètì tó wà lára rẹ̀ ṣì ku ọdún méjì gbáko. Àgbẹ̀ ni mí. Bí mo bá gbin nǹkan, mo máa ń fi èédú kọ ọjọ́ tí yóò gbó sára ògiri abà, o ti rí i rí. Mo ní èyí kò tíì gbó, Dákẹ́ kò lè dúró dè é fún ọdún méjì. Mo wá rí ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá, déètì tirẹ̀ ti kọjá láti oṣù mẹ́rin, mo ní èyí ló ti gbó, ó ti tó jẹ. Obìnrin náà wo àpò, ó wò mí, ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fi tọ́ ọmọ dàgbà. Ó ní kí n san ìdajì owó. Mo gbé e délé tìdùnnú-tìdùnnú, mo ń sọ lọ́kàn mi pé mo ti rí ohun tó dára tí kò sì wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ọmọ mi ṣe wí.

Dákẹ́ jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Mo rò pé ó kàn fi bọ̀wọ̀ fún mi ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti bì í, ó tún bì, ó sì ń ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ méjì. Mo ń nu ilẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo pè ọ́ tí mo ka déètì sí ọ létí, o pariwo tí etí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di, o ní ọjọ́ tí oúnjẹ náà yóò bàjẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ta ló ń kọ ọjọ́ tí nǹkan yóò bàjẹ́ sára nǹkan? Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ sára ohun gbogbo, ta ni ì bá lè sùn? Ti ìyá rẹ, n kì bá tí fẹ́ kà á.

O wá ní ó tó, o ní ilé ìtajà kan wà lọ́dọ̀ yín tí dókítà ẹran wà níbẹ̀, wọ́n á bi èèyàn ní ìbéèrè, wọ́n á fi ìdáhùn rẹ̀ yan oúnjẹ tó bá ara mu tí kò sì ní gbọ́n èèyàn lápò gbẹ. O fi fọ́ọ̀mù wọn ránṣẹ́ sí fóònù ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe níwájú ilé wa, torí ojú fóònù tèmi kéré. Ọkùnrin náà ṣe dáadáa. Ó ń fi ojú kan wo rédíò tó tú palẹ̀, ó ń fi ojú kejì ka ìbéèrè fún mi.

Ó ní orúkọ. Mo sọ orúkọ mi pẹ̀lú ti bàbá mi. Ó ní ọjọ́ orí, mo ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ní báńkì, kí wọ́n tó fún mi ní owó tí ìwọ ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n bèèrè orúkọ ìyá tó bí mi, ìyá tó ti lọ kí báńkì náà tó dé, nítorí náà n kò kà á sí bàbàrà pé olóúnjẹ ajá fẹ́ mọ ẹni tí òun ń tà fún. Ó ní irú wo ni, mo ní àgbẹ̀. Ó ní ìwọ̀n ńkọ́, mo lọ gun òṣùwọ̀n obìnrin olóúnjẹ adìyẹ, mo padà wá sọ pé kílò mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ní ṣé ó máa ń gé èèyàn jẹ, mo ní rárá o. Ó ní ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, mo ní kí ló kàn wọ́n níbẹ̀, kí ó fo ìyẹn. Ó ní ẹ̀ẹ̀melòó ló ń jẹun lóòjọ́, mo ní ẹ̀ẹ̀kan, bí mo bá rántí. Ó ní eyín ńkọ́, mo la ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó kà á. Ó ní ṣé ó máa ń jáde rìn, mo ní títí dé ẹnu géètì, mo máa ń lọ wò ó bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

Ó wá ní ṣé nǹkan kan yí padà nínú ilé láìpẹ́ yìí. Mo ní ìyàwó mi kú. Ọkùnrin rédíò gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ẹ kú àtẹ̀mọ́ra, ó sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ó ní ta ló ń tọ́jú rẹ̀. Mo fi ojú inú lọ yíká ilé, yàrá sí yàrá. Mo ní Dákẹ́.

Ọjọ́ kẹjọ ni àpò ńlá kan dé, ìwé sì wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ọjọ́ orí rẹ̀ ya àwọn lẹ́nu, àwọn kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí, àwọn sì dúpẹ́ pé ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Wọ́n ní ó ti rù jù. Wọ́n ní oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kò tó o, kí a pín in sí àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ ẹ́ nítorí eyín, kí a má sì pààrọ̀ oúnjẹ fún un lójijì, díẹ̀díẹ̀ ni, fún ọjọ́ méje. Wọ́n ní kí a máa mú un rìn jáde láàárọ̀. Wọ́n ní bí ẹnìkan bá kúrò nínú ilé, arúgbó bíi tirẹ̀ a máa kọ oúnjẹ, kì í ṣe pé oúnjẹ náà kò dára, ilé ló pa lọ́lọ́ jù fún un. Kí a má jẹ̀ẹ́ kí ó máa dá jẹun. Kí ẹnìkan jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Wọ́n tún ní àwọn ì bá fẹ́ bá olùtọ́jú rẹ̀, Alàgbà Dákẹ́, sọ̀rọ̀, àmọ́ a kò kọ nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, dókítà kan kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Ti ilé ìwòsàn kò gbé ojú sókè tó fi kọ oògùn fún mi tán. Mo bu oúnjẹ náà sínú àwo, mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe wí, mo tọ́ ọ wò. Kò níyọ̀. Mo ń wá iyọ̀ lọ́wọ́ ni ọkùnrin rédíò wọlé, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó fi àwòrán ajá iwájú àpò hàn mí. Mo ní mo mọ̀, ó dà bíi ti mílíìkì ọmọ ọwọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó wá wo ìkòkò mi tó ti gbẹ lórí sítóòfù, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní oúnjẹ yẹn, ti ajá ni. Ó ní ìwé yẹn, òun kò mọ ti ta ni.

Mo se ẹyin méjì, mo gé búrẹ́dì, mo gbé àwo Dákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àga ìyá rẹ. Mo jókòó sórí àga náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Dákẹ́ kò fẹnu kan nǹkan, ó ń wo ẹnu mi. Mo jẹ díẹ̀, òun náà jẹ díẹ̀. Mo dáwọ́ dúró, ó dáwọ́ dúró. Mo tún jẹ, ó tún jẹ. Ọmọ mi, oṣù kẹsàn-án rèé tí ajá yìí ti ń ṣọ́ mi, tí mo rò pé èmi ni mò ń ṣọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, bí oúnjẹ ò tiẹ̀ wù mí, mo ń jẹ ẹ́ tán nítorí tirẹ̀. Lánàá, ó gbó ẹni tó ń ka mítà. Ọkùnrin náà sá, mo ní kó máa bínú, inú mi sì dùn.

Nípa oúnjẹ náà, ẹja ló ṣíwájú lẹ́yìn àpò, déètì rẹ̀ sì jìnnà dáadáa. Ìwọ̀n agolo kan péré ló ń jẹ nínú rẹ̀ lóòjọ́. Àpò onídajì owó tó bì yẹn ló wá wọ́n jù. Kílò tèmi ni wọ́n sì fi wọn èyí, nítorí náà ó pọ̀, yóò pẹ́ kó tó tán. Ọjọ́ tí o pè mí lórí fóònù ọkùnrin rédíò lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí ọ, imú rẹ nìkan ni mo ń gbọ́. Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́. Má sunkún mọ́.

Owó tí mo fẹ́ bèèrè rèé. Èyí tí o ní o fẹ́ fi ra àpò kejì, má fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀ wá sílé. Bó bá ṣẹ́kù, ra ìdè méjì dání fún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹni méjì yóò máa gba ibẹ̀ jáde fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́ ní àlọ àti àbọ̀. Wàá jẹun kánú, o kò sì ní dá a jẹ títí ọjọ́ ogbó rẹ.

Wọ́n ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, fọ́ọ̀mù náà yóò tún dé, ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn á sì wà níbẹ̀. Dákẹ́ ń ṣe dáadáa, n kò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí n rí orúkọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan kọ tì í.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.