Ohun Tí Mùsílíù Mọ̀ Nípa Púlọ́ọ̀gì Tẹlifíṣàn

                                                            Ojúlé 14, Òkè Ìtòkú,
                                                            Abẹ́òkúta.
                                                            Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kejìlá, 1984.

Morónkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì fúnra wọn ńkọ́, ṣé eyín tí ń dà wọ́n láàmú ti yọ tán? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ màmá rẹ ti ń fúyẹ́ díẹ̀. Mo bá wọn dúpẹ́. Ẹ kú ọyẹ́ o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin ará Èkó kì í rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ.

Mo fẹ́ ro ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé wa fún ọ bí ó ti rí gan-an, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọkọ mi. Mùsílíù sọ fún mi pé ọjọ́ Sátidé ni òun yóò wọ mọ́tò ní Kútọ̀ wá bá ọ, kí o lè bá òun bẹ̀ mí.

O mọ̀ pé tẹlifíṣàn wà lára ẹrù tí àwọn òbí mi kó tẹ̀lé mi wọlé ọkọ. Pálọ̀ ìyá Mùsílíù ni a gbé e sí, nítorí kò yẹ kí ìyàwó máa dá wòran ní yàrá nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó ní pálọ̀. Ìyá fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àwọn ni wọ́n sì máa ń pa á bí àkókò ìrun bá tó. Wọ́n á ṣe àlùwàlá ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wọlé, wọ́n á sì fa púlọ́ọ̀gì yọ lára ògiri láìkọ́kọ́ pa bọ́tìnì. Wọ́n ní ohun tí a kò bá tíì fà yọ, a kò tíì pa á.

Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni irin ẹnu púlọ́ọ̀gì yìí ti ń ta wọ́n lọ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á yọ tán. Kì í ṣe gbogbo ìgbà, kò sì le. Bí ìgbà tí ìjàlọ bá buni jẹ ni. Ohun tí ó kó ìpayà bá wọn ni pé a ti fà á kúrò lára iná, níbo ni ó tún ti rí iná? Kò sì ta ẹlòmíràn nínú ilé.

Èmi pẹ̀lú rẹ mọ ìdí rẹ̀. Ohun kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ náà tí ń fa iná mu nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, tí ó sì máa ń dá díẹ̀ dúró fún ìgbà kúkúrú lẹ́yìn tí a bá fà á yọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan irin ẹnu púlọ́ọ̀gì nígbà náà, ara rẹ̀ ni iná yẹn yóò gbà kọjá. Bí ọwọ́ bá gbẹ, ó lè má mọ̀ ọ́n lára. Omi àlùwàlá kì í tíì gbẹ lọ́wọ́ Ìyá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mùsílíù náà mọ̀ ọ́n. Ìwọ àti òun ni olùkọ́ pín sídìí tábìlì kan náà nígbà tí a kọ́ ọ ní Pólì. Ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ní Ewékorò tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka iná ni ó wà títí di òní.

Ìyá kò sọ fún mi. Àǹtí Kùdírátù, ẹ̀gbọ́n Mùsílíù, ni wọ́n sọ ọ́ fún, àwọn ni wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀: tẹlifíṣàn ọmọ onígbàgbọ́, tí ó jẹ́ pé àkókò ìrun nìkan ni ó ń tani, kì í ṣe ojú lásán.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tí ó lọ lọ́hùn-ún, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá ẹbí lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àǹtí Kùdírátù ni wọ́n kọ́kọ́ dáhùn.

“Ìyàwó wa, o kú ìsìn o. Ṣé o bu àdúrà díẹ̀ bọ̀ fún àpótí rẹ tí ń tani?”

Bàbá Láwàlì, àbúrò olóògbé tí ó bí Mùsílíù, sọ tiwọn pẹ̀lú pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n mú Bíbélì mi wá, kí n fi búra pé n kò fi nǹkan kan sínú ẹ̀rọ náà láti pa Ìyá lára. Bí n kò bá lè búra, kí n lọ sinmi ní ilé bàbá mi ní Aké. Aké kò jìnnà, ṣùgbọ́n ìyàwó tí a ní kí ó lọ sinmi nítorí ìyá ọkọ, ìwọ náà mọ orúkọ tí ìlú yóò sọ ọ́. Mo ní n kò ní búra, pé kí wọ́n bi ọkọ mi, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bàbá Láwàlì yíjú sí i.

“Mùsílíù, ìwọ tí o kàwé iná, kí ni o rí sí i?”

Ó ń fa ẹní já. “Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ̀ ọ́n.”

Àwọn baba wa ní ẹnu àìmẹ́nu ni í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní tiwa, ẹnu tí a pa mọ́ ni.

Mo tọrọ àyè kí a wọ pálọ̀ Ìyá. Mo tan tẹlifíṣàn, mo ki ọwọ́ bọ omi, mo fa púlọ́ọ̀gì yọ, mo sì fi ọwọ́ kan irin rẹ̀. Kò ta mí. Àǹtí Kùdírátù rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe, ó ta mí. Mo wá ní kí Àǹtí náà dán an wò. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ojo. Mo tún tan án, mo fà á yọ; wọ́n rẹ ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kàn án, ó ta wọ́n, wọ́n sì pe orúkọ bàbá wọn tí ó ti kú. Bàbá Láwàlì ní òun gbà, kò di ìgbà tí òun bá fọwọ́ kàn án. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kí Ìyá máa nu ọwọ́ gbẹ, kí wọ́n di ẹ̀yìn púlọ́ọ̀gì tí kì í ṣe irin mú, kí wọ́n sì jẹ́ kí irin ẹnu rẹ̀ wà ní tirẹ̀.

Ìyá kọjú sí ọmọ wọn.

“Mùsílíù, ṣé o mọ èyí tẹ́lẹ̀?”

Ó dìde, ó ní ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń pe òun lóde. Kò sí ẹni tí ń pè é. Ìyá wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi jáde.

“Ó mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n wí.

Ẹbí ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà. Àǹtí Kùdírátù gbé ẹja wá ní ọjọ́ kejì. Mo dúpẹ́, mo sè é, gbogbo ilé jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, yàrá Ìyá ni mo ń sùn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tẹ́ ẹní fún mi. Mo ń se oúnjẹ Mùsílíù, mo ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, mo sì ń kí i ní òwúrọ̀. Yóò sọ fún ọ pé òun ti tọrọ àforíjì. Òótọ́ ni. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ti tọrọ rẹ̀, pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí ó pe àwọn ènìyàn kan náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, kí ó sì sọ pé, “Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́.” Ó ní ìtìjú ni fún ọkùnrin láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹbí rẹ̀ nítorí ìyàwó. Mo ní èmi náà mọ ìtìjú. Níwájú wọn ni ó ti jẹ́ kí ojú tì mí.

Nítorí náà, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, fún un ní oúnjẹ, sìn ín dé ibùdókọ̀, má sì bá a bẹ̀ mí. Kì í ṣe Èkó ni ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mí ní gbèsè wà.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì, kí o sì bá mi gbé àwọn ọmọ mọ́ra. Ìyá ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí o kú ìtọ́jú.

Tìrẹ ni mo jẹ́ nígbà gbogbo,
Adépéjú.