Ṣòkòtò Ẹ̀gbọ́n Mi Tí N Kò Ní Tú Mọ́

                                        Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ,
                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Abẹ́rẹ́-ò-sùn,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó ń wú, ṣé ó ti fúyẹ́? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ tuntun ńkọ́, ṣé kò já òwú mọ́? Ara tiwa náà le, àfi pé inú ń bí mi. Bí n kò bá sọ ọ́ fún ọ, mo lè fi abẹ́rẹ́ gún ara mi nídìí iṣẹ́.

O rántí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, akọ̀wé tó máa ń jókòó sídìí tábìlì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún gbogbo òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ wọn. Dókítà ní ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀rá ti kún inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún àbúrò bàbá wa. Ẹ̀dọ̀ nìkan ni bàbá yẹn gbọ́. Ó ní kò sí ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí kò ṣe ọtí, ló bá pe ìpàdé ẹbí.

Ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé rẹ̀! Wọ́n jókòó yí i ká ní pálọ̀ bí ẹni mú olè. Bàbá tú báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lójú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Kí ni wọ́n rí? Òfìfo ike mínírà mẹ́rin àti páálí bisikíìtì. Bàbá ń gbé ike sí imú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá òórùn ọtí. Omijé ń bọ́ lójú àgbàlagbà ọkùnrin. Ó dùn mí wọ eegun.

Èmi ni mo fa bàbá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ṣúgà tí ara kò bá lò, ẹ̀dọ̀ a máa sọ ọ́ di ọ̀rá; a kó apá kan pamọ́ sínú ara rẹ̀, a tú apá kan sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ọtí lè fà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í mutí náà lè ní in, kì í sì í sábà dun èèyàn níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá jáwọ́ nínú nǹkan dídùn, tó ń rìn dáadáa, tí ikùn rẹ̀ sì fà, ẹ̀dọ̀ náà lè bọ̀ sípò. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà lè dápàá, kó má lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ẹni a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì ni bàbá gbé páálí mínírà méjì wá láti fi bẹ ẹ̀gbọ́n mi! Ó ní níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe ọtí, kó máa mu ún fàlàlà. Mo gbé méjèèjì padà sínú mọ́tò rẹ̀. Ó ní mo ń rí àgbà fín. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí títí ó fi lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ara mi ni mo wá ń bínú sí. Mo ṣí ìwé ìwọ̀n. O mọ bí ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa láti máa kọ ọjọ́ sí i. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìbàdí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ínṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó di mẹ́rìndínlógójì, ó di mọ́kàndínlógójì, ó di méjìlélógójì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Mo ń tú ìbàdí ṣòkòtò, mo ń lé aṣọ mọ́ ọn, mo ń kí i pé ikùn ọlá ti dé. Dókítà ò rí ìwé yẹn. Èmi rí i.

Àná ló tún mú ṣòkòtò kan wá pé kí n bá òun tú u díẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní tú u. Ẹ̀yin lẹ máa rìn títí tẹ́ ẹ fi máa wọ inú ẹ̀.”

Ó ká ṣòkòtò náà, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí ìyá. Tépù rẹ wà nítòsí. Wọn ọkọ rẹ kí o tó fèsì.

Tìrẹ ni mo jẹ́ títí,
Ìyá Onítépù.