Irọ́ Tí Mo Pa Nítorí Ìbọn Adétúnbọ̀

Èmi, Jésùfẹ́mi Olúkáyọ̀dé Adéyanjú, ọmọ bíbí Ìgbòho, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, akẹ́kọ̀ọ́, tí mo ń gbé yàrá ẹ̀yìn nílé Màmá Jọkẹ́ ní Mayesbrook, ní Barking and Dagenham nílùú òyìnbó, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi sì là sí ohun tí mo ń ṣe. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún mi. Nínú fọ́ọ̀mù tí nọ́ọ̀sì fún mi, wọ́n béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo wo ìlà náà títí nọ́ọ̀sì fi padà wá gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. Halimah tí a jọ wà ní kíláàsì ni mo kọ síbẹ̀, láìtíì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

1. Halimah, ọmọ Ìlọrin, tó ń gbé ní Chadwell Heath, ni yóò mú ìwé yìí ṣẹ. Kọ̀ǹpútà mi àti gbogbo ìwé mi di tirẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ rí i pé mo máa ń dúró mí èémí lórí àtẹ̀gùn, kí dókítà kankan tó rí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò sọ ọ́ fún un rí, n kò sì ní sọ ọ́ ju báyìí lọ.

2. Màmá Jọkẹ́ kò ní gba ohunkóhun, nítorí òfin ibí kò jẹ́ kí ẹlẹ́rìí jogún. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ní, "Ọmọ mi, kí lo tilẹ̀ ní?"

3. Fèrè ìwo ẹtu tí bàbá mi gbẹ́ di ti Ọ̀gbẹ́ni Reuben, bàbá àgbàlagbà tó ń gbé ní Dagenham Village. Ó ní ọ̀dọ́ ajá kan. Ní ọjọ́ kan ní Mayesbrook Park, ajá náà gbóòórùn ẹyẹlé nínú koríko, ó dúró gbagidi, ó ká ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó na imú. Omi bọ́ lójú mi. Bàbá náà rò pé ẹ̀rù ajá ló ń bà mí, ó bẹ̀ mí, ó sì fà á lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà mí kí n tó lè là á yé e.

4. Ìfura, ajá mi tó wà ní Ìgbòho, di ti Àmọ̀kẹ́ àbúrò mi obìnrin. Dókítà ẹran kan ní Ìsẹ́yìn ló fún bàbá wa, tó jẹ́ ọdẹ, ní òun àti ìkejì rẹ̀, Sùúrù, nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Irú ajá òyìnbó ni wọ́n: wọn kì í lé àparò. Bí wọ́n bá ti gbóòórùn rẹ̀, wọn yóò dúró, wọn yóò fi imú tọ́ka sí i títí olówó wọn yóò fi dé. Apá àparò tí mo so mọ́ okùn lórí ọ̀pá ni mo fi kọ́ wọn. Adétúnbọ̀ ẹ̀gbọ́n mi a máa fi wá ṣẹ̀sín: "Ṣé ajá rèé àbí ère? Ẹran á sá tán, á ṣì dúró síbẹ̀, á máa ronú." Àmọ̀kẹ́ nìkan ló ń bá mi di ọ̀kan mú nígbà tí mo bá ń kọ́ èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé obìnrin kì í da ajá ọdẹ, ẹ sọ fún un pé Ìfura kò tíì gbọ́ bẹ́ẹ̀.

5. Fún Adétúnbọ̀, n kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ohun kan wà tí mo ń gbà padà lọ́wọ́ rẹ̀: irọ́ mi.

A kì í yìnbọn lé ọ̀dọ́ ajá lórí lójijì. Ariwo ìdérí ìkòkò la fi ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá ń jẹun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ìbọn láti òkèèrè, kí ó tó wá di ìbọn nítòsí. Ibi ìdérí ìkòkò ni mo ṣì wà, mo sì ti sọ ọ́ fún Adétúnbọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ó mú Sùúrù jáde láìsọ fún mi. Ajá náà dúró bí mo ṣe kọ́ ọ. Àparò fò, Adétúnbọ̀ yìnbọn gba òkè orí rẹ̀. Sùúrù sá dé ojú títì Kíṣì, ọkọ̀ akẹ́rù sì gbá a. Èmi ni mo gbé e wálé.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún mi. "Fẹ́mi, bò mí láṣìírí. Bí Bàbá bá gbọ́, wọn ò ní fi ìbọn yìí lé mi lọ́wọ́ mọ́." Mo sọ fún Bàbá pé ọwọ́ mi ni ajá ti já. Wọ́n wo ọwọ́ mi pẹ́. Wọ́n ní, "Ọwọ́ rẹ kò bá ajá mu. Lọ kàwé." Ohun tó gbé mi dé Dagenham nìyẹn. Bàbá fi ìbọn ọdẹ wọn lé Adétúnbọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì kú láìmọ òtítọ́. Níbi ìsìnkú wọn, ó ń fi mí hàn àwọn ọdẹ, ó ń rẹ́rìn-ín: "Apajá rèé o." Mo gbé àwo tí mo fi ń pín oúnjẹ, mo kọjá lọ.

6. Kí Halimah fi ohùn ara rẹ̀ ka ẹsẹ karùn-ún, kí ó fi fóònù mi gbé e sórí wáàsáàpù ẹbí wa, níbi tí ìyá wa yóò ti gbọ́ ọ. Bí mo bá kú, kí ó dúró di ọjọ́ keje. Bí mo bá jí, kí ó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí n tó ní okun láti bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Jésùfẹ́mi Olúkáyọ̀dé Adéyanjú

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i:

Adékẹ́mi Adébóyè, tí a ń pè ní Màmá Jọkẹ́, onílé.

Jannah, ayálégbé yàrá iwájú. Oṣù mẹ́jọ la ti jọ ń gbé ilé yìí. Òní ni mo béèrè orúkọ rẹ̀.